Orin Tó Ń Dákẹ́ Bí Mofolúwakẹ́ Bá Jáde

Títí di òní olónìí, bí orin bá dá lójijì nínú ilé tí Mofolúwakẹ́ bá wà, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé ara fóònù kí ó tó rántí pé ilé onílé ni, pé kò sí ẹni tó ń retí òun. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Orin tó ń dá yẹn ló kù díẹ̀ kó gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Orin náà ló sì jẹ́ kó mọ bàbá tó bí i lọ́mọ.

Òkukù ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé nígbà náà, àwọn méjèèjì péré. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyìnolúwa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti lọ sí Kánádà, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ òru. Sùtánà ni Mofolúwakẹ́ ń rán fún àwọn ará ìjọ Aládùúrà, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé wọn, níbi tí ariwo ọ̀kadà kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ìró maṣín-ìn. Bàbá rẹ̀, Alàgbà Dúródọlá, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Bàbá Akọrin, a jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ẹni tó bá kọjá, ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún kò bá sọ̀rọ̀, kò ní mọ ẹni tó jẹ́. Ìyìnolúwa ní kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Bàbá ní omi àdúrà ni òun yóò máa fi fọ̀ ọ́.

Nígbà tí ojú yẹn ṣì mọ́lẹ̀, Bàbá ní ẹ̀rọ gíráámù kan àti àpótí àwo orin tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé yàrá wọn, òjò wọ inú àpótí náà. Bàbá kó àwọn àwo náà jáde, ó tò wọ́n sínú oòrùn kí omi lè gbẹ lára wọn. Nígbà tí wọn yóò fi padà débẹ̀, gbogbo wọn ti ká bí ewé gbígbẹ. Mofolúwakẹ́ ṣì kéré, ṣùgbọ́n kò gbàgbé bí bàbá rẹ̀ ṣe mú àwo kan, tó gbé e lé orí ẹ̀rọ náà bẹ́ẹ̀, tó ń wò ó bó ṣe ń fò sókè sódò láìkọrin. Láti ọjọ́ náà, orin ìjọ nìkan ló kù nínú ilé wọn.

Èyí ni Ìyìnolúwa rántí tó fi rán ẹ̀rọ ìgbórin kan sí i. Ẹ̀rọ náà kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ. Ìyìnolúwa ní gbogbo orin ayé ló wà nínú rẹ̀, pé kí Bàbá kàn bá a sọ̀rọ̀, á kọ èyí tó bá fẹ́.

Ẹni tó ń gbé ibi tí iná kì í lọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnu wáyà rẹ̀ kò wọ ojú iná tiwọn. Nígbà tí wọ́n rí èyí tó wọ̀ ọ́, iná lọ. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ náà tan iná àwọ̀ ọsàn kan tó ń yí po lórí rẹ̀, kò sì ṣe ohun mìíràn. Wọ́n ní kí Mofolúwakẹ́ gba áàpù rẹ̀ sórí fóònù. Áàpù náà mu dátà rẹ̀ tán kó tó wọlé, ó wọlé tán, ó ní òun kì í ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Bàbá jókòó tì í, ó na etí.

"Ó ti fẹ́ kọ ọ́?"

"Kò tíì, Bàbá."

"Bóyá ohùn rẹ̀ ti há ni. Ọ̀nà Kánádà jìn."

Nígbà tó sú Mofolúwakẹ́, ó di ẹ̀rọ náà sínú báàgì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkìrun. Òjò ń rọ̀, òrùlé bọ́ọ̀sì ń jò sí i léjìká, ó fara bo báàgì náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Lórí bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀, ọkùnrin kan jókòó, ó gbé irú agolo bẹ́ẹ̀ gan-an sórí itan.

Mofolúwakẹ́ wo ti ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wo tirẹ̀.

"Ẹ má bínú," ọkùnrin náà ní, "ṣé iná tiyín náà ń yí po?"

"Ó ń yí po. Bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù."

"Tèmi ti ń wá kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ láti ìgbà Àjíǹde."

"Àjíǹde tọdún yìí?"

"Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ máa lọ sọ tiyín sígbó."

Mofolúwakẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹnjiníà, gba agolo méjèèjì, ó yí wọn sókè, ó yí wọn sísàlẹ̀, ó dá wọn padà. "Ẹ wò ó, bó bá jẹ́ fóònù ni, ǹ bá ti tú u. Èyí ò ní ibi tí ènìyàn ń gbà wọlé. Àwọn tó ṣe é ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n wò."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe jọ jókòó kí òjò lè dá. Ọláwuyì lorúkọ ọkùnrin náà. Tíṣà ni ní Inísà, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Àǹtí rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Kí wọ́n tó pínyà, wọ́n ṣe àdéhùn pé ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ kọrin gbọ́dọ̀ pe ẹnì kejì. Wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn nítorí ìyẹn. Ohun tí Mofolúwakẹ́ sọ fún ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nìyẹn, pé nítorí ìyẹn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé tí fóònù rẹ̀ dún, tó rí i pé Ìyá Peace ni, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀ ní Ìkìrun, inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, kò sì mọ ìdí.

Ọláwuyì pè nígbà tó yá. "Ó ti kọrin!"

"Irọ́!"

"Mo fi Ọlọ́run búra. Kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń fẹ́. Orin ò sí nínú rẹ̀ rárá, láti ìta ló ti ń fà á wọlé. Mo ṣí họ́sípọ́ọ̀tì fóònù mi fún un, ó mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín ṣe tiyín."

Ó wá ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá gbọ́ ohùn àjèjì, ó gbé orí sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Tíṣà láti Inísà ni, Bàbá. Ó wá tún ẹ̀rọ yín ṣe."

"Ẹ káàsán, sà," Ọláwuyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Bàbá gbọ́ ìró rẹ̀.

"Dìde, dìde. Ìjọ wo lò ń lọ?"

Ọláwuyì dárúkọ rẹ̀. Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan ni ní Inísà.

"Hẹn-ẹn. Àwọn tó ń wọ bàtà wọ ilé Olúwa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n mo bọ́ tèmi sí ẹnu ọ̀nà yín."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n bu omi fún un.

Ẹ̀rọ náà kò kọrin ní ọjọ́ náà. Orúkọ Ìyìnolúwa ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wọlé, kóòdù tí wọ́n sì máa tẹ̀, orí fóònù Ìyìnolúwa ní Kánádà ló ń lọ, oorun ni Ìyìnolúwa sì ń sùn ní gbogbo ọ̀sán Òkukù. Kó tó jí, kóòdù ti kú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìyìnolúwa jí, iná lọ. Sátidé kejì, iná wà, Ìyìnolúwa jí, wọ́n tẹ kóòdù, ẹ̀rọ náà ní òun fẹ́ ṣe ọ́pídéètì, ọ́pídéètì náà jẹ gbogbo dátà tí Mofolúwakẹ́ rà, ó dúró sí ìdajì. Mofolúwakẹ́ se iṣu ní ọjọ́ náà nítorí kò sí ohun mìíràn nílé, epo nìkan ni wọ́n sì fi jẹ ẹ́. Ọláwuyì jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo. Nínú gbogbo ìyà ẹ̀rọ náà, kò sí èyí tí Mofolúwakẹ́ rántí tó dùn mọ́ ọn tó ti Sátidé oníṣu yẹn. Ó ti ń gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ọ́pídéètì náà máà parí.

Ṣùgbọ́n ó parí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná orí agolo náà di búlúù. Ọláwuyì béèrè irú orin tí Bàbá fẹ́. Bàbá ronú, ó dárúkọ olórin kan láti ìgbà èwe rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dárúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá Akọrin, tí kò mi èjìká rí níwájú ọmọ, dìde dúró, ó mi èjìká. Ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà tẹ̀ lé e, kò fo ọ̀kankan.

"Àbẹ̀kẹ́," ó fi oríkì pe Mofolúwakẹ́, "èyí ni a gbọ́ ní ìlú Ìbà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá rẹ. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Kò dá mi lóhùn."

Omi ti kún ojú Mofolúwakẹ́. Ó yíjú láti nù ún, ó rí i pé ẹ̀rọ kọ́ ni Ọláwuyì ń wò. Òun ni.

*

Nígbà náà ni wọ́n wá mọ ohun tí wọ́n ti ṣe. Fóònù Mofolúwakẹ́ ni ẹ̀rọ náà ti ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì mu. Bó bá wà nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, orin á máa lọ. Bó bá ti kọjá géètì díẹ̀, orin á dá. Bó bá padà dé, tó tún un tẹ̀, orin á tún bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí òun àti Ọláwuyì wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara wọn, lábẹ́ igi kan nítòsí ibùdókọ̀ Inísà, tàbí ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ìyá Peace ní Ìkìrun, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Kò sí ọmọ ní gbogbo Òkukù tó ń jáde nílé tí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó tirẹ̀, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ariwo náà.

"Àbẹ̀kẹ́, orin dá ní àná."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Bàbá."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà fẹ́ràn ọjọ́ Sátidé."

"Mo lọ ra òwú lọ́dọ̀ Ìyá Peace."

"Òwú náà pọ̀. Ṣé gbogbo ìjọ ló fẹ́ dá sùtánà tuntun ni?"

Ìyá Peace ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹ̀rọ. Ó wo àwọn méjèèjì lórí àpótí ọtí tí wọ́n fi ṣe àga ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀rọ yín ti kọrin, tiwa náà ti kọrin. Kí lẹ tún ń tún ṣe?"

"Ìyá, ẹ fi wá sílẹ̀."

"Mo fi yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa gbé ẹsẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tètè sọ. Ẹni tí kò gbà kí dókítà wo ojú rẹ̀, ṣé ẹ rò pé ó máa tètè gba àna?"

Ó tọ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé obìnrin yẹn lọ́wọ́. Ọláwuyì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oníṣirò ni; ó rò pé bí òun bá ti yanjú ohun tó dè wọ́n, ìyókù á tú fúnra rẹ̀. Ó ra máífáì, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń mú íńtánẹ́ẹ̀tì wá sílé láìlo fóònù ẹnikẹ́ni, ó gbé e wá sí Òkukù ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan láìsọ fún Mofolúwakẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sídìí agolo náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orin tí Bàbá ń gbọ́ dá.

"Àbẹ̀kẹ́! Ṣé o ti jáde ni?"

"Mo wà ńbí, Bàbá."

"Kí ló wá ṣe orin?"

"Èmi ni, sà," Ọláwuyì ní. "Mo fẹ́ fi sórí máífáì. Ó ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀." Òógùn ti ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Agolo náà ti gbàgbé ohun gbogbo, ó tún ń béèrè kóòdù, nọ́ńbà tó sì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí ni èyí tí Ìyìnolúwa ti jù nù nígbà tó kó lọ sí ìlú mìíràn ní Kánádà. Iná àwọ̀ ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí po.

"Tíṣà, ta ló ní kí o pa á rẹ́?"

"Bàbá, mo fẹ́ kí orin yín má máa dá mọ́ bí Mofolúwakẹ́ bá jáde ni."

"Bí kò bá dá mọ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ó lè… ó lè lọ síbi tó bá wù ú, sà."

"Bí ibo?"

Mofolúwakẹ́ ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ọláwuyì kò wo ibi tó wà.

"Bí Inísà, sà. Lọ́dọ̀ mi."

Ojú Bàbá tí kò ríran kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Mo gbọ́. O wá gbé àpótí kan kalẹ̀ nínú ilé mi, kí o lè gbé ọmọ mi lọ. Pàṣípààrọ̀ lo bá wá."

"Rárá o, sà! Bàbá, mi ò—"

"Ọmọ tí ìyá rẹ̀ sin Ọlọ́run nínú sùtánà títí wọ́n fi fi í sin ín, kò ní lọ sí ìjọ tó ń fi aṣọ wa ṣẹ̀sín. Gbé ẹ̀rọ rẹ. Bàtà rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dàárọ̀."

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó sọ ó dàárọ̀ náà.

*

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Agolo náà wà lórí tábìlì, eruku bò ó. Ìyìnolúwa ṣèlérí pé òun á bá àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Àwọn yẹn kàn ń darí rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Nínú oṣù wọ̀nyẹn, Mofolúwakẹ́ rán sùtánà tí apá rẹ̀ méjèèjì jẹ́ apá òsì, oníbàárà mú un padà wá. Ó jókòó, ó tú u lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé nítorí orin ni bàbá òun kò fi fẹ́ kí òun lọ? Orin ti kú báyìí, kò sì tú òun sílẹ̀. Ṣé nítorí ìjọ ni? Bàbá kan náà ló gbà kí Ìyìnolúwa fẹ́ ọmọ Ìmàle. Àbí Ọláwuyì gan-an ló rò pé máífáì lè jókòó ní ipò òun? Èyí ló dùn ún jù. Nígbà tó bi Ọláwuyì lórí fóònù, ó ní, "Èmi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dún. Mo kàn fẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀." Láti ìgbà náà, ìkíni nìkan ló ń kọjá láàárín wọn.

Ìyá Peace wá láti Ìkìrun fúnra rẹ̀. Mofolúwakẹ́ wà ní ilé ìdáná, ó ń gbọ́ wọn.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ náà ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé ọ̀lẹ ni?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Àbí ẹ fẹ́ kí Mofolúwakẹ́ gbó sẹ́nu maṣín-ìn? Òun náà fẹ́ bímọ tí yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe ń yọ yín lẹ́nu."

"Kò yọ mí lẹ́nu."

"Ohun tó burú nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn! Ìyá ọmọkùnrin náà ti ń dárúkọ ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wọn. Bí Òkukù ò bá fèsì títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀, wọ́n á lọ síbòmíràn."

"Kí wọ́n máa lọ. Ọ̀nà ò dí."

Ìyá Peace gbé gèlè rẹ̀, kò jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un. Ní ẹnu géètì, ó di ọwọ́ Mofolúwakẹ́ mú. "Mo ti sa ipá mi. Bí ọmọkùnrin náà bá ní sùúrù, dúró dè é. Bí kò bá ní, má de ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dé Inísà ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé Ìkìrun ni òun ń lọ. Lábẹ́ igi ibùdókọ̀, ó sọ ohun tó ti ń fi ẹnu kọ́ láti àárọ̀.

"Fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ bá wí. Mi ò lè fi bàbá mi sílẹ̀ nínú òkùnkùn."

Ọláwuyì kò jà. Mofolúwakẹ́ fẹ́ kó jà. Ọláwuyì wo ilẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ó kọjá sódì kejì títì, ó ra ẹ̀pà sísun fún un, ó fún un lówó ọkọ̀, ó dúró títí bọ́ọ̀sì fi gbéra. Nígbà tí Mofolúwakẹ́ bojú wẹ̀yìn, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á níbi tó dúró sí.

Ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó délé. Ó bọ́ sálúbàtà sí ẹ̀yìnkùlé, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́, kò fẹ́ kí bàbá òun gbọ́ ohùn ẹkún òun. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Bàbá ń sọ̀rọ̀. Ó rò pé àlejò wà. Ó yọjú.

Bàbá nìkan ló wà ní pálọ̀. Ó ti gbé agolo náà sórí itan, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀.

"Ìwọ yìí," ó ń wí, "wọ́n ní kò sí ohun tí ènìyàn bi ọ́ tí o kò mọ̀. Àbẹ̀kẹ́ dà? Ìkìrun ló pè é fún mi, ṣùgbọ́n Inísà ló lọ. Ṣé ó ti wọ ọkọ̀? Ṣé òjò ò ká a mọ́ ọ̀nà?" Ó gbé e sún mọ́ etí. "Ìwọ lo máa ń sọ fún mi tẹ́lẹ̀."

Mofolúwakẹ́ dúró gbagidi. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. "Bàbá."

Bàbá ta gìrì, ó fẹ́ gbé agolo náà pamọ́, kò rí ibi tó máa gbé e sí.

"O ti dé?"

"Mo ti dé. Kí ni ẹ̀rọ náà máa ń sọ fún yín?"

Bàbá gbé agolo náà padà sórí itan. "Bí orin bá ń lọ, mo mọ̀ pé o wà nítòsí. Bó bá dá, mo mọ̀ pé o ti jáde. Màá jókòó, màá máa retí. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, á jẹ́ pé o ti dé láyọ̀, nǹkan kan ò ṣe ọ́ lọ́nà. Ojú mi ò rí ọ mọ́, Àbẹ̀kẹ́. Etí ni mo fi ń rí ọ. Ọmọkùnrin yẹn wá, ó ní orin kò ní dá mọ́. Bí orin ò bá dá mọ́, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ọmọ mi ti lọ?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Bàbá wo ló ń sọ irú rẹ̀ fún ọmọ?"

Mofolúwakẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Inísà ni mo lọ lóòótọ́. Mo lọ sọ fún un pé kó fẹ́ ẹlòmíràn."

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Ó ra ẹ̀pà fún mi."

"Kò bínú?"

"Kò bínú. Ó dúró sínú òjò."

Bàbá na ọwọ́. "Ẹ̀pà náà dà?"

Ó fi lé e lọ́wọ́. Bàbá bó ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó bó òmíràn, ó fi sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí òjò fi dá.

"Pe Ìyá Peace fún mi," Bàbá ní. "Sọ fún un pé èmi ni mo lé ọmọ náà, èmi ni mo sì ní kí wọ́n bá mi pè é padà. Kó tètè ṣe é kí ìyá ọmọkùnrin náà tó ra aṣọ ìyàwó mìíràn."

Mofolúwakẹ́ ń sunkún. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

"Màá lọ ṣe ojú náà. Omi àdúrà ò ní bínú. Bí n bá fẹ́ mọ bí ọmọ mi ṣe ń gbé, kí n máa lọ wò ó."

*

Wọ́n ṣe ojú kan kí ìgbéyàwó tó dé. Inú ìjọ Bàbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbàdúrà fún wọn, Ọláwuyì pẹ̀lú gbogbo àwọn ẹbí rẹ̀ láìwọ bàtà, kí wọ́n tó kọjá sí Inísà lọ so wọ́n pọ̀. Peace, ọmọ Ìyá Peace, tó ríṣẹ́ sí Òkukù, kó ẹrù rẹ̀ wá sí ilé Bàbá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó ń lọ, Bàbá di agolo náà sínú aṣọ, ó gbé e fún Ọláwuyì. Ó ní òun kò fẹ́ orin nínú ilé tí Àbẹ̀kẹ́ kò bá sí.

Ìyìnolúwa ti rí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yanjú, ẹ̀rọ náà sì ń kọrin dáadáa ní Inísà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Bàbá ń bọ̀ ní Sátidé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dá wọ ọkọ̀ láti ọdún mélòó kan, Ọláwuyì fẹ́ kó bá gbogbo nǹkan ní titun. Áàpù ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ́pídéètì. Ó tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Mofolúwakẹ́ kígbe, "Ọláwuyì, má tẹ̀ ẹ́!" Ó ti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ọ̀kadà já Bàbá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, iná àwọ̀ ọsàn ń yí po lórí agolo náà. Ọláwuyì wà lórí ìkúnlẹ̀, fóònù méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Bàbá bọ́ bàtà. Ó wọlé láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ó wo ògiri, ó wo fèrèsé, ó wo àga. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ dé ara ọmọ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé tó ti pẹ́ tó ti fẹ́ kà.

"O ti sanra díẹ̀," ó ní.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Ọláwuyì ń wí láti ilẹ̀. "Mo ti fẹ́ kí ẹ bá orin lórí afẹ́fẹ́. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán, ó kù díẹ̀."

Bàbá fa àga, ó jókòó, kò gbé ojú kúrò lára Mofolúwakẹ́.

"Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi," ó ní. "Ṣé orin ni mo wá gbọ́ ni?"